Jẹ́jẹ́, Bá Mi Sọ fún Ìyá Rẹ

Aránṣọ ti sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá jí i lójú oorun kí ẹ bi í léèrè ohun tó ń pa ajá, yóò kà á fún yín kó tó la ojú: egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè, nítorí ó máa ń fọ́ ṣánṣán, ó sì máa ń gún ìfun, ṣokoléètì, àlùbọ́sà, inú mọ́tò tí wọ́n tì pa nínú oòrùn, géètì tí wọ́n ṣí sílẹ̀, omi àná tó ti dọ̀tí nínú abọ́. Dókítà ẹranko ló kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tí ajá náà lọ gba abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ajá ya dìgbòlugi, ó sì gbé ẹ̀kọ́ náà wálé bí ẹni gbé ẹyin. Ohun tó ń bí i nínú ni pé kò sí ẹni tó bá a gbé e nínú ilé.

Jẹ́jẹ́ ni orúkọ ajá náà, ṣùgbọ́n a ò tíì rí ohun tó ń ṣe ní jẹ́jẹ́. Ajá pupa ni, etí ọ̀tún rẹ̀ dúró, tòsì kọ̀ láti dúró. Abẹ́ máṣìnnì ìránṣọ ni ibùsùn rẹ̀. Yàrá iwájú ni Aránṣọ ti ń ṣiṣẹ́: tábìlì ìgéṣọ lẹ́bàá fèrèsé, àga gígùn kan fún oníbàárà, aṣọ tí wọ́n ti rán àti èyí tí wọn ò tíì rán lórí ìṣó lára ògiri. Ẹsẹ̀ kan ló fi ń tẹ máṣìnnì. Ẹsẹ̀ kejì, Jẹ́jẹ́ ló ni ín, orí ibẹ̀ ló máa ń gbé àgbọ̀n lé. Òun nìkan ló ń jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́ tí kì í béèrè nǹkan kan. Ká má parọ́, ó máa ń béèrè ẹran.

Ẹ wá wo àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ń tún fíríìjì ṣe. Láràárọ̀ ni yóò ṣí géètì kó lè kó irinṣẹ́ sínú mọ́tò, yóò sì gbàgbé pé ohun tí èèyàn bá ṣí, èèyàn ló ń tì í. Jẹ́jẹ́ ti sá dé òdìkejì ọ̀nà rí, tí táyà mọ́tò kan ké rara kó tó dúró. Nígbà tí Aránṣọ figbe bọnu, ọkọ rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ò mọ̀ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ ni?"

"Fèrè wo lẹ fun, Bàbá Lọ́yà? Ẹ ti géètì!"

Ọmọ wọn ni Lọ́yà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, wọ́n sì fún un ní orúkọ yẹn nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò kó jàre. Ìyá rẹ̀ ká a mọ́ níbi tí bisikíìtì oníṣokoléètì ti wà láàárín òun àti ẹnu Jẹ́jẹ́. "Mọ́mì, n ò fún un. Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi ni. Ẹni tó bá mú nǹkan tó já bọ́, ṣé èmi ni mo fún un?" Aránṣọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ẹnu ajá, ó yọ bisikíìtì náà, ó sì fi ọwọ́ tó tutù fún itọ́ ajá fa etí Lọ́yà.

Ọkọ, èèyàn lè bá a jà. Ọmọ, èèyàn lè fà á létí. Ìyá ọkọ ńkọ́?

Màmá ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn látìgbà tí orúnkún rẹ̀ kò ti jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn ilé tirẹ̀ mọ́. Ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: òun ló ń tú irun Jẹ́jẹ́ wò lọ́sàn-án, tó ń já eégbọn kúrò ní etí rẹ̀ sínú agolo, òun ló sì ń rántí pààrọ̀ omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jẹ adìyẹ tán, ọwọ́ Màmá á wọ abẹ́ tábìlì lọ. Lójú rẹ̀, ajá tí kò jẹ egungun, kí ló fi yàtọ̀ sí ewúrẹ́?

Kò sì sí bí ìyàwó ilé ṣe lè wo ojú ìyá ọkọ kó ní, "Màmá, ẹ ṣíwọ́." Nítorí náà, ajá ló ń bá wí.

"Jẹ́jẹ́," ni yóò wí, pẹ̀lú ohùn tó lè dé yàrá ẹ̀yìn, "egungun tí wọ́n sè kì í ṣe oúnjẹ rẹ o. Bí ẹnikẹ́ni bá fún ẹ, má gbà á. Ìfun tìrẹ ló máa gún, kò ní gún tiwọn."

Màmá náà kò kúkú yadi. "Jẹ́jẹ́, bá mi sọ fún ìyá rẹ pé mo ti ń sin ajá kí wọ́n tó bí ìyá tó bí i. Sọ fún un pé egungun ò pa ọ̀kan nínú wọn."

"Jẹ́jẹ́, sọ fún Màmá pé Dókítà ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

"Jẹ́jẹ́, bá mi sọ fún ìyá rẹ kó fi gbogbo agbára yẹn gbá abẹ́ máṣìnnì rẹ̀. Pínnì ibẹ̀ ti sọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi di tìmùtìmù aránṣọ."

Jẹ́jẹ́ á wo ìhín, á wo ọ̀hún, á ju ìrù. Kò jẹ́ iṣẹ́ kan rí. Aránṣọ a máa gbálẹ̀ lóòótọ́, nírọ̀lẹ́ tó bá ti kó iṣẹ́ nílẹ̀, tó bá rántí. Ọ̀rọ̀ pínnì yẹn, àwáwí lásán ló kà á sí. Àgbà tí wọ́n ká egungun mọ́ lọ́wọ́ kò ní ṣaláì wá nǹkan tí yóò fi bá ọmọdé wí. Báyìí ló ṣe ń rò ó.

Nígbà náà ni iṣẹ́ akọrin dé. Aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ elésè àlùkò ni, fún àwọn akọrin tí wọ́n ní ìdíje níwájú, olórí wọn sì ń bọ̀ lójoojúmọ́ láti wá wò ó bóyá ó ti tán, bí ẹni pé wíwò ń bá èèyàn rán nǹkan. Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ báyìí, Aránṣọ kì í dìde jẹun. Ẹran díndín á wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùmágàjí, á máa jẹ, á máa rán. Ọgbọ́n kan wà tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́. Á kọ́kọ́ fi òwú gígùn di aṣọ mú ní ìdì tó rọ̀. Bí máṣìnnì bá ti kọjá lórí rẹ̀ tán, á fi eyín mú orí òwú gígùn náà, á fà á yọ lẹ́ẹ̀kan, á sì tu ú sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń sọ pé ọwọ́ méjì ò tó aránṣọ, àfi kó fi eyín kún un. Kò sí aránṣọ tó yára tó o ní gbogbo àdúgbò náà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Jẹ́jẹ́ kò wá síbi abọ́ rẹ̀. Ó dúró sí igun yàrá iwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, itọ́ ń ṣe wọ̀ọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ iwájú gbọn ẹnu bí ẹni tí nǹkan há sí léyín. Ó bì, omi yẹ́lò lásán ló jáde. Màmá gbé omi wá fún un. Ó wò ó, ó yí orí kúrò. Aránṣọ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ikùn náà le bíi pákó, Jẹ́jẹ́ sì ké igbe kan tó mú kí ọkọ ju irinṣẹ́ sílẹ̀ níta kó wọlé wá.

Olórí akọrin ti jókòó sórí àga oníbàárà nígbà náà. Ó wò ó, ó ní, "Ó ní láti jẹ́ pé ó jẹ nǹkan."

"Ó jẹ nǹkan!" Aránṣọ fò dìde. Gbogbo ohun tó ti ń fi pamọ́ sínú ọ̀fun láti ọjọ́ yìí wá sáré wá sẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pe ajá. "Màmá, egungun yín rèé! Mo wí, mo wí, mo tún wí. Mo bá ajá sọ ọ́, ó kù kí n bá ògiri sọ ọ́, ẹ kọ̀, ẹ ò gbọ́. Ẹ ti pa á báyìí. Ẹ ti pa ajá mi!"

Lọ́yà tó ń rò gbogbo ẹjọ́ kò rí ti èyí rò. Olórí akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í ka pákó àjà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé ṣà. Màmá rọra gbé abọ́ omi náà kalẹ̀, ó fọwọ́ ti ògiri, ó sì ń rìn lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Ká sọ òótọ́, ara tu Aránṣọ díẹ̀.

Nínú mọ́tò, Jẹ́jẹ́ wà lórí itan rẹ̀, wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Ọkọ ló ń wà á lọ sọ́dọ̀ Dókítà.

"Ìyá mi lo sọ bẹ́ẹ̀ sí. Níwájú àlejò."

"Ajá tó ń kú lọ yìí ńkọ́?"

"Ajá lè san. Ọ̀rọ̀ yẹn ò lè san." Ó já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú ẹranko. Fíríìjì ńlá ilé ìtajà kan ti kú, ẹran sì ń bàjẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n ti ń pè é láti ìdájí. "Pè mí bó bá ti rí," ló wí, ó sì lọ.

Dókítà ẹranko náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Wọn ò tíì gbé Jẹ́jẹ́ sórí tábìlì irin tán tí Aránṣọ ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

"Egungun ni, Dókítà. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo ń ṣe. Omi rẹ̀ mọ́, mo ń bá a rìn lójoojúmọ́, n kì í so ó mọ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló ń fún un ní egungun. Mo sọ̀rọ̀ títí ó sú mi!"

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

Ó ya ẹnu Jẹ́jẹ́. Ó wo eyín, ó wo ọ̀fun. Ó wá fi àtàǹpàkò ti ahọ́n rẹ̀ sókè láti ìsàlẹ̀, ó dúró.

"Ẹ wá wò."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ahọ́n Jẹ́jẹ́, nǹkan tín-ín-rín kan lọ́ yí ìdí ahọ́n náà ká, ó ti gé ẹran ibẹ̀ wọnú, ẹ̀jẹ̀ sì yí i ká. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì dé lára rẹ̀, àwọ̀ elésè àlùkò ni. Ó gba ibẹ̀ wọ ọ̀fun lọ.

Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti na jáde, ìka méjì ti fẹ́ mú òwú náà, bó ṣe ń mú òwú lójoojúmọ́.

"Ẹ má fà á!" Dókítà gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Ẹ ò gbọdọ̀ fà á láé. Orí rẹ̀ kan wà lábẹ́ ahọ́n, ìyókù wà nínú ìfun. Bí ẹ bá fà á, ẹ máa fi gé ìfun rẹ̀ ni." Ó wo téèpù ìwọnṣọ tó ṣì wà lọ́rùn Aránṣọ. "A máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Báyìí báyìí."

Wọ́n gbé Jẹ́jẹ́ wọlé. Aránṣọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ọkùnrin kan tó gbé ológbò sínú àpótí. Ó kọ́kọ́ bínú sí òwú. Ó bínú sí olórí akọrin àti àwọ̀ tó yàn. Ó bínú sí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ẹni tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ó bínú sí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀: irú ajá wo ló ń jẹ òwú? Ó wá rántí ẹran díndín, àti ọ̀rá tó máa ń dán létè rẹ̀ nígbà tó bá ń fi eyín fa òwú. Ajá kò jẹ òwú. Ẹran ló gbóòórùn. Nígbà tí ìbínú náà dé ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kò rí ibòmíràn gbé e lọ mọ́.

Dókítà jáde wá nígbà tí oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé.

"Ẹ máa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì pọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n." Òwú kan lèèyàn máa fà, gbogbo aṣọ náà á sì ká jọ sára rẹ̀ wunjẹwunjẹ.

"Bí ìfun rẹ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo là á. Ó ku díẹ̀ kó ya. A ti yọ gbogbo ẹ̀ jáde, ó sì ti ń jí. Ó ti bọ́. A máa tọ́jú rẹ̀ síbí di ọ̀la, ìyókù dọwọ́ yín."

"Egungun ńkọ́, Dókítà?"

"Kò sí egungun kankan níbẹ̀." Ó na ìgò kékeré kan sí i. Òwú náà wà nínú rẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́. "Ẹ fi hàn wọ́n nílé, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n á máa ṣọ́."

Wọ́n jẹ́ kó wọlé fẹsẹ̀ kan. Jẹ́jẹ́ dùbúlẹ̀ lórí aṣọ ìnura, wọ́n ti fá ikùn rẹ̀, ojú rẹ̀ kò tíì là tán. Ó gbóòórùn ìyá rẹ̀, orí ìrù rẹ̀ sì lu tábìlì pẹ́ẹ́, lẹ́ẹ̀kan. Aránṣọ sunkún níbẹ̀, kò fi bò.

Ó wà lójú ọ̀nà ilé nígbà tí fóònù dún. Ọkọ rẹ̀ ló ń pè.

"Báwo ni?"

"Ó ti jí. Ó ju ìrù."

"Ọpẹ́ o. Ṣé egungun ni?"

Ìgò náà wà nínú báàgì, ó ń kan ìhà rẹ̀. "Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé," ló dáhùn, ó sì pa á.

Bó ti ń rìn, èrò kan dé, ó sì bá a rìn. Ta ló máa mọ̀? Bí wọ́n bá gbà pé egungun ni, egungun ò tún ní kan ẹnu Jẹ́jẹ́ mọ́ láyé. Màmá á ṣíwọ́. Ọkọ á rántí géètì. Gbogbo ohun tó ti fi ẹnu jà fún, tí ohùn rẹ̀ há lé lórí, á bọ́ sí i lọ́wọ́ lófẹ̀ẹ́. Òun nìkan á máa ṣọ́ òwú ní tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ ọ́n. Irọ́ tó bá dáàbò bo ajá, ṣé irọ́ náà ni? Lọ́yà ì bá rò ẹjọ́ yìí kó jàre. Ó ju ìgò náà sí ìsàlẹ̀ báàgì pátápátá, ó sì fi aṣọ ìnujú lé e lórí.

Màmá wà nínú yàrá iwájú, ó jókòó sórí àga oníbàárà, abọ́ Jẹ́jẹ́ wà níwájú rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ti bu omi tuntun sí i. Kò sí ẹlòmíràn nílé.

"Ìyàwó mi. Ṣé ó kú?"

"Kò kú, Màmá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ti jí."

Màmá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún bí ọmọdé. "Èmi ni. Òótọ́ lo sọ. Lọ́jọ́ Àìkú, egungun itan kan. O ti wọlé, n kò sì ro ohun púpọ̀, mo kàn rí bó ṣe ń wò mí lójú. Mo fẹ́ràn ajá yẹn, ìwọ náà mọ̀. N ò ní fún un mọ́. Bí mo bá tún fún un, kí ẹ lé mi."

Ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí Aránṣọ ti ń rán ajá lọ gbà láti ọjọ́ yìí wá, ó ti dé, ó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò sí ohun tó kù tó máa ṣe ju kó dákẹ́ lọ.

Ó wo ọwọ́ tó ń já eégbọn, bó ṣe ń nu omijé. Inú bí i, ó bí i gidigidi, sí ara rẹ̀ nìkan. Ó tú báàgì, ó wá ìgò náà rí, ó sì gbé e lé Màmá nítan.

Màmá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó wo òwú inú rẹ̀. Ó wo aṣọ akọrin tó kù lórí ìṣó. Ó wo máṣìnnì, ó wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, níbi tí òwú àwọ̀ kan náà ká jọ sí ní ọ̀pọ̀ ibi.

Aránṣọ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Òwú mi ni, Màmá. Èmi ni mo fi eyín fà á, tí mo tu ú sílẹ̀. Kò sí egungun nínú rẹ̀, ọ̀kan kò sí. Mo bú yín níwájú èèyàn, èmi ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ dárí jì mí." Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òun pẹ́ níbẹ̀.

Màmá yíjú sí abẹ́ máṣìnnì bó ṣe máa ń ṣe. "Jẹ́jẹ́, bá mi sọ fún ìyá rẹ..." Ó dúró. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó yí padà, ó wá wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ gan-an.

"Dìde," ló wí. "Pínnì wà nílẹ̀ níbẹ̀."